Agbọ̀n Tó Ń Gbé Irin Wọ Inú Ásíìdì

Kò sí páànù irin orí ilé, kò sí òpó GSM, kò sí agolo tòmátì lórí àtẹ ọlọ́jà, tí irin rẹ̀ kò kọ́kọ́ di mímọ́ tónítóní kí ó tó di ohun tí a ń rà. Irin tí ara rẹ̀ kò mọ́ kì í gba síǹkì, kì í gba tánganran. Bí wọ́n bá kùn ún lọ́dà, ọ̀dà náà kò ní pẹ́ ṣí. Ásíìdì ló sì ń fọ̀ ọ́ mọ́, láti nǹkan bí 300 ọdún tí iṣẹ́ yìí ti di iṣẹ́ ńlá títí di òní.

Àwọn tó ń kọ ìtàn iṣẹ́ irin máa ń sọ̀rọ̀ ásíìdì dáadáa. Wọ́n á dárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ pọn ọ́n ní ọ̀pọ̀, wọ́n á sọ iye tó ń ná àwọn èèyàn. Ohun tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró lé lórí ni agbọ̀n, ohun tó ń gbé irin wọ inú ásíìdì tó sì tún ń gbé e jáde. Èmi rí i pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Gbogbo ìgbà tí àwọn oníṣẹ́ irin bá ti pààrọ̀ ásíìdì ni agbọ̀n àtijọ́ ti di aláìwúlò, ìgbà tí wọ́n bá sì rí agbọ̀n tuntun ni ásíìdì tuntun tó lè ṣiṣẹ́ fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n ń fọ̀ kúrò. Bí irin bá gbóná ju 570°C lọ, afẹ́fẹ́ á bá a jà, èépá á sì yọ sí i lára ní ipele mẹ́ta. Ti ìsàlẹ̀, tó lẹ̀ mọ́ irin, ló máa ń nípọn jù. Ti àárín dúdú, mágínẹ́ẹ̀tì sì lè fà á. Ti òkè pupa, ó sì fẹ́lẹ́. Bí irin náà bá ti ń tutù, èépá yìí á sán káàkiri, ojú sísán náà ni ásíìdì ń bá wọlé. Ásíìdì súlfúríìkì kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ́ èépá tòkè. Abẹ́ ló ń gbà, á jẹ ipele ìsàlẹ̀ àti díẹ̀ lára irin fúnra rẹ̀, gáàsì háídrójìn á sì máa hó jáde, á máa ti èépá dànù láti abẹ́. Ásíìdì háídrókílóríìkì ní tirẹ̀ ń yọ́ èépá náà gan-an. Nítorí náà, súlfúríìkì ń fẹ́ iná, ó sábà máa ń tó 60°C sí 90°C kí ó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Háídrókílóríìkì lè ṣiṣẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni dáná sí i. Ooru súlfúríìkì yìí máa padà wá dá agbọ̀n lóró níwájú.

Àmọ́ kì í ṣe ásíìdì líle ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní ààlà Bohemia àti Saxony, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ti ń fi tánganran bo páànù irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n sì fi àṣírí iṣẹ́ náà pa mọ́ fún ìgbà pípẹ́, ọkà ráì ni wọ́n ń rẹ sínú omi títí tí á fi kan. Ẹni tó bá mọ omíkan, omi orí ògì tí àwọn àgbà fi ń rẹ àgbo, ti mọ irú omi tí mò ń wí. Ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, René de Réaumur, tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1725. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń to páànù sínú àgbá tó kún fún omi kíkan yìí, nínú yàrá tí wọ́n dáná sí kí omi náà má baà tutù. Bí páànù bá ti jáde, yanrìn àti omi ni wọ́n á fi ha á títí tí á fi dán.

Níbẹ̀, kò sí ẹni tó nílò agbọ̀n. Omi kíkan kò lè jẹ ọwọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i kò sì lè ba páànù jẹ́. Òṣìṣẹ́ á kàn na ọwọ́ wọ inú àgbá, á yí páànù padà, á sì tún máa lọ. Ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ ni sùúrù àti igi ìdáná.

Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń fowó ńlá ra páànù yìí lọ́wọ́ àwọn ará Saxony ní Jámánì kò gbà bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ní ọdún 1667, ọ̀kan nínú wọn, Andrew Yarranton, rin ìrìn àjò lọ sí Saxony láti lọ fojú ara rẹ̀ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìmọ̀ tó gbé bọ̀ kò tètè so èso, ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì kejìdínlógún, iṣẹ́ náà fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Pontypool ní ilẹ̀ Wales, lábẹ́ ìdílé Hanbury. Ohun tí àwọn Hanbury mú wọ inú rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń tẹ irin di pẹlẹbẹ láàárín òpó méjì tó ń yí. Àwọn ará Saxony, òòlù ni wọ́n fi ń lù ú. Páànù tí a fòòlù lù kì í dọ́gba, ibì kan á nípọn, ibì kan á fẹ́lẹ́. Páànù tí ẹ̀rọ tẹ̀ dọ́gba láti etí dé etí, ohun tó bá sì dọ́gba ṣeé tò sínú férémù ní ẹgbẹẹgbẹ́ láìjẹ́ pé ọ̀kan ń wó lé èkejì. Láìsí èyí, agbọ̀n tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì bá tí ṣeé ṣe.

Ásíìdì líle wá dé. Títí di àárín sẹ́ńtúrì kejìdínlógún, inú ìgò gíláàsì ni wọ́n ti ń pọn súlfúríìkì, díẹ̀díẹ̀, ó sì wọ́n bí ojú. Ní ọdún 1746, John Roebuck àti Samuel Garbett, ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọ́n nínú yàrá tí wọ́n fi òjé ṣe ògiri rẹ̀. Òjé kì í jẹ́ kí ásíìdì yìí jẹ òun, yàrá òjé sì lè tóbi ju ìgò èyíkéyìí lọ. Owó ásíìdì já wálẹ̀. Kí sẹ́ńtúrì náà tó parí, àwọn oníṣẹ́ páànù ní Wales ti ń fi omi èèrí ọkà àti omi ráì sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gba súlfúríìkì tí wọ́n là mọ́ omi gbígbóná.

Nígbà náà ni ìṣòro tó bí agbọ̀n jáde. Iṣẹ́ tó ń gba ọjọ́ tẹ́lẹ̀ wá ń gba ìṣẹ́jú. Ó dára fún olówó ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ìṣẹ́jú kan péré tó bá lé, ásíìdì ti kúrò lórí èépá, ó ti ń jẹ irin. Páànù tó kọ́kọ́ wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ jáde, tàbí kí gbogbo wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n sì jáde lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ èèyàn kò lè ṣe é mọ́, ọwọ́ èèyàn kò tilẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀.

Ojútùú tí àwọn ará Wales rí sí i, tó sì ti gbilẹ̀ nígbà tí sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún fi ń parí, ni férémù tí ọ̀pá ró nínú rẹ̀ lóòró. Wọ́n á to páànù sáàárín àwọn ọ̀pá náà ní ìnàró, kí àlàfo wà láàárín ọ̀kan àti èkejì, ẹ̀rọ á sì máa ri gbogbo rẹ̀ bọ inú ásíìdì, á máa gbé e sókè sódò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni páànù kan ń gba inú ásíìdì kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ tánganran. Àkọ́kọ́, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu ẹ̀rọ títẹ̀ bọ̀ tó dúdú, ásíìdì tó lágbára ni wọ́n ń lò. Ẹ̀ẹ̀kejì, lẹ́yìn tí wọ́n ti mú un gbóná kó lè rọ̀ tí wọ́n sì ti tún un tẹ̀ ní tútù, ásíìdì tó fúyẹ́ ni, láti kàn nù ún mọ́ kẹ́yìn.

Kí ni wọ́n fi ṣe férémù náà? Irin lásán kò lè ṣe é, nítorí ohun tó ń jẹ ẹrù náà ni yóò jẹ agbọ̀n, agbọ̀n ló sì ń padà wọ inú ásíìdì lójoojúmọ́. Igi ń fara da ásíìdì fún ìgbà díẹ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi pákó nípọnnípọn ṣe táǹkì, ṣùgbọ́n igi kò lè gbé ẹrù irin sókè sódò nínú omi gbígbóná kí ó má wó. Òjé rọ̀ jù. Àdàlù bàbà àti tánganran ni wọ́n fara mọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń rọ ìbọn ńlá láyé àtijọ́. Ó wúwo, ó wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́.

Ní ọdún 1890, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin owó ibodè tí wọ́n fi orúkọ William McKinley pè, ó gbé owó ńlá lé páànù agolo tó ń ti ilẹ̀ òkèèrè wọlé. Òfin náà pa Wales lára gidigidi, nítorí Amẹ́ríkà ni ọjà wọn tó tóbi jù. Láàárín ọdún díẹ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń ṣe páànù agolo tiwọn, wọ́n sì ń wá bí wọ́n ṣe máa dín òṣìṣẹ́ kù. Ní agbègbè Pittsburgh, ilé-iṣẹ́ George Mesta, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1898, ṣe ẹ̀rọ kan tí orúkọ rẹ̀ kàn káàkiri. Òpó kan ló dúró láàárín, sítíìmù ló ń tì í sókè. Apá na jáde lára òpó náà, agbọ̀n kan sì so mọ́ apá kọ̀ọ̀kan. Bí agbọ̀n kan ti ń jó sókè sódò nínú ásíìdì ni òmíràn ń jó nínú omi fífọ̀, tí wọ́n sì ń kó ẹrù sínú òmíràn ní ẹ̀gbẹ́. Òpó náà á gbéra, á yí, gbogbo agbọ̀n á sì bọ́ sí ipò tó kàn. Ìjó sókè sódò yẹn kì í ṣe eré. Ásíìdì tó bá dúró jẹ́ẹ́ lára irin máa ń rẹ̀, irin tó yọ́ sínú rẹ̀ á dí i lọ́wọ́, nígbà tí gáàsì á sì dúró sáàárín páànù méjì tí kò ní jẹ́ kí ásíìdì kàn wọ́n. Bí agbọ̀n bá ń mì, ásíìdì tuntun á máa wọlé.

Ọ̀rọ̀ gáàsì yìí ní apá tó burú ju èyí lọ. Ní ọdún 1875, William Johnson, oníṣẹ́ wáyà ní Manchester, fi ìwé kan ránṣẹ́ sí Royal Society ní London. Ó ní òun ki wáyà irin bọ ásíìdì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wáyà tó ṣeé tẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì dá pákán bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fi omi kan ojú ibi tó dá, ìfófòó kékeré kékeré ń yọ jáde láti inú irin. Háídrójìn tó yẹ kó hó sókè ti ráyè wọ inú irin lọ. Ó tún rí i pé bí a bá gbé wáyà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ọjọ́ díẹ̀, tàbí tí a mú un gbóná, agbára rẹ̀ ń padà. Mo ka àkíyèsí yìí sí ọ̀kan nínú èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìtàn irin, oníṣẹ́ ló sì ṣe é, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n tó jókòó sí yunifásítì. Títí di òní, bóòtù tó le gan-an kò gbọdọ̀ pẹ́ nínú ásíìdì, àwọn èyí tó le jù nínú wọn ni wọn kì í tilẹ̀ fi sínú ásíìdì rárá. Iyanrìn tàbí irin wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń fẹ́ èépá wọn dànù.

Àwọn kan ti ń wá oògùn sí i ṣáájú ìgbà náà. Ní Ítálì, Marangoni àti Stefanelli ti kọ̀wé ní 1872 pé bí a bá fi gúlúù tàbí èèrí ọkà sínú ásíìdì, ásíìdì náà á dẹwọ́ lórí irin, á sì máa bá èépá jà lọ. Ní 1895, ẹnì kan tó ń jẹ́ Baldwin gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí oje ìrèké dúdú tó ki àti òróró ewéko fún iṣẹ́ kan náà. Ìran àwọn oògùn yẹn ni èyí tí wọ́n ń ta nínú kẹ́ẹ̀gì fún ilé-iṣẹ́ lónìí.

Agbọ̀n tó dára jù lọ fún súlfúríìkì wá láti Kánádà. Òkúta tí wọ́n ń wà ní Sudbury ní nickel àti bàbà pọ̀ nínú, ó sì ń náni lówó láti yà wọ́n. Nǹkan bí ọdún 1905, Robert Crooks Stanley ní ilé-iṣẹ́ International Nickel rò ó pé kí wọ́n má yà wọ́n mọ́, kí wọ́n kàn yọ́ wọn pọ̀ bí Ọlọ́run ṣe dà wọ́n pọ̀. Ohun tó jáde jẹ́ nickel ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, bàbà ló sì pọ̀ jù nínú èyí tó kù. Orúkọ ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà, Ambrose Monell, ni wọ́n fi sọ ọ́, wọ́n ń pè é ní Monel. Ó le ju àdàlù bàbà àtijọ́, wẹ́dà lè jó o pọ̀, súlfúríìkì gbígbóná kò sì ráyè jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Agbọ̀n, ìkọ́, ṣéènì, ọ̀pá, gbogbo ohun tó ń bọ inú táǹkì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Monel ṣe. Bí Monel bá sì fara kan irin nínú ásíìdì, irin ni ásíìdì máa kọjú sí, Monel á jókòó pẹ̀sẹ̀. Ìyẹn mú kí agbọ̀n pẹ́, ṣùgbọ́n ẹrù ló ń san án: ibi tí irin ti fara ti agbọ̀n á jẹ ju ibòmíràn lọ bó bá pẹ́ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń dín ojú ibi tí ẹrù àti agbọ̀n ti ń kanra kù.

Àwọn irin tí kì í dípẹtà wá dé, wọ́n sì tú gbogbo ètò yìí ká. Ní 1912, Krupp ní Jámánì gba ìwé àṣẹ lórí irin tí wọ́n fi chromium àti nickel lú. Ní 1913, Harry Brearley rí tirẹ̀ ní Sheffield. Irin yìí kì í dípẹtà nítorí awọ fẹ́lẹ́ tó wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bí iná bá ti kàn án, èépá rẹ̀ le ju ti irin lásán, súlfúríìkì nìkan kò sì ká a. Wọ́n ní láti da ásíìdì náítíríìkì pọ̀ mọ́ háídrófúlóríìkì. Àdàlù yìí á jẹ Monel run. Títéníọ̀mù tí kì í bẹ̀rù náítíríìkì kò lè dúró níwájú háídrófúlóríìkì rárá. Gíláàsì pàápàá, háídrófúlóríìkì ń jẹ ẹ́. Nǹkan le fún àwọn tó ń ṣe agbọ̀n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Irin tí kì í dípẹtà náà ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ṣe agbọ̀n, wọ́n á máa wò ó bó ṣe ń tán lọ, wọ́n á sì pààrọ̀ rẹ̀.

Ike ló yọ wọ́n. Ní 1954, ní Milan, Giulio Natta ṣe pọlipirópílínì, ike tó fúyẹ́, tó le, tí àdàlù ásíìdì wọ̀nyí kò sì rí ṣe, bí ooru kò bá ti pọ̀ jù.  Lónìí, táǹkì àti agbọ̀n kéékèèké fún irin tí kì í dípẹtà wà tó jẹ́ ike látòkè délẹ̀. Fún ẹrù wíwúwo, wọ́n á fi irin ṣe egungun rẹ̀, wọ́n á sì fi ike tàbí rọ́bà wọ̀ ọ́ láṣọ. Ewu ibẹ̀ ni pé ihò kékeré tí abẹ́rẹ́ lè gbà kọjá lára aṣọ náà tó fún ásíìdì láti wọlé, á sì máa jẹ egungun nínú òkùnkùn níbi tí ojú kò ti lè rí i, títí di ọjọ́ tí agbọ̀n á já pẹ̀lú ẹrù lórí ìkọ́.

Ibi kan wà tí agbọ̀n ti pàdánù ipò rẹ̀ pátápátá. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, lẹ́yìn tí John Butler Tytus ti fi hàn ní Ashland, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, pé a lè tẹ irin ní gígùn láìdúró, páànù kì í jáde ní ẹyọ ẹyọ mọ́. Ó ń jáde ní ìwé gígùn tí wọ́n ń ká bí ẹní. Irú èyí kò nílò agbọ̀n. Wọ́n á tú u ní orí kan, á la inú ásíìdì kọjá, wọ́n á sì tún un ká ní orí kejì. Láti àwọn ọdún 1960 ni ọ̀pọ̀ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti fi súlfúríìkì sílẹ̀ fún háídrókílóríìkì, nígbà tí àwọn ará Austria ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi iná gba ásíìdì náà padà lára irin tó yọ́ sínú rẹ̀. Páànù irin tí a fi ń kanlé lónìí, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ló gbà.

Ohun tí kò ṣeé ká kò ní ọ̀nà mìíràn bí kò ṣe agbọ̀n àti ìkọ́. Bóòtù, nọ́ọ̀tì, páìpù, irin òpó iná, géètì, ohun rírọ, gbogbo wọn ṣì ń wọ inú ásíìdì ní ọ̀pọ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n pọ̀ jù nínú iṣẹ́ fífi síǹkì bo irin, iṣẹ́ tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n nílẹ̀ Yorùbá. Paul-Jacques Malouin ti sọ fún àwọn ọ̀mọ̀wé ní Paris ní 1742 pé síǹkì yíyọ́ lè bo irin, ṣùgbọ́n Stanislas Sorel ló sọ ọ́ di òwò pẹ̀lú ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1837, nítorí ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ásíìdì fọ irin náà. Henry Robinson Palmer ti gba àṣẹ ní London ní 1829 lórí páànù tó ní ìgbì. Síǹkì àti ìgbì pàdé ara wọn, páànù wọ ọkọ̀ ojú omi, kí sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún sì tó parí, ó ti ń gba ipò bẹẹrẹ lórí ilé àwọn olówó ní Èkó. Láti 2001 tí GSM dé Nàìjíríà, òpó irin tí a fi síǹkì bò ti wà ní gbogbo ìlú, bóòtù tó so ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pọ̀ sì ti inú agbọ̀n kọjá.

Ẹ wo bí ó ṣe ń lọ nínú ilé-iṣẹ́ tó mọṣẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ fi omi sódà gbígbóná yọ òróró kúrò lára irin, nítorí ásíìdì kì í la òróró kọjá. Wọ́n á fi omi ṣàn án. Háídrókílóríìkì tí wọ́n là mọ́ omi, ní nǹkan bí ìdá 10 sí 15 nínú 100, ló kàn. Omi ni wọ́n ń kọ́kọ́ dà sínú táǹkì, ásíìdì ni wọ́n sì ń dà sínú omi. Ẹni tó bá yí i padà, ásíìdì á ta sí i lójú. Lẹ́yìn ìyẹn, omi mìíràn, lẹ́yìn náà omi iyọ̀ síǹkì àti amóníà, kí ó tó wá bọ́ sínú síǹkì yíyọ́ ní nǹkan bí 450°C.

Bí wọ́n ṣe to agbọ̀n ló ń sọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe máa rí. Bóòtù kì í kún agbọ̀n dé ẹnu, àwọn tó wà láàárín kò ní rí ásíìdì. Ihò ara agbọ̀n gbọ́dọ̀ kéré ju bóòtù lọ, kí ó sì fẹ̀ tó fún omi láti dà nù wàràwàrà. Páìpù kì í sùn gbalaja. Orí kan gbọ́dọ̀ ga ju èkejì lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ afẹ́fẹ́ á dúró nínú rẹ̀, ibi tí afẹ́fẹ́ bá sì dúró sí, ásíìdì kò ní dé ibẹ̀, síǹkì náà kò ní mú un. Irin tí inú rẹ̀ ṣófo tí wọ́n dí ní orí méjèèjì kò gbọ́dọ̀ wọ inú agbọ̀n rárá àfi tí wọ́n bá lu ihò sí i: omi tó bá há sínú rẹ̀ á di sítíìmù nínú síǹkì, á sì bú gbàù. Ohun pẹlẹbẹ kì í fara lé ara wọn. Bí agbọ̀n bá ti jáde nínú ásíìdì, ó gbọ́dọ̀ rọ̀ sórí táǹkì fún ìgbà díẹ̀ kí ó kán tán, torí ásíìdì tó bá ń kán sílẹ̀ lọ sínú omi fífọ̀ ti di òfò, ó sì ń ba omi tó kàn jẹ́. Fún bóòtù, agbọ̀n kan náà, ti irin lásán tí wọ́n gbà pé ásíìdì á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, lè gbé e dé inú síǹkì, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ á yí agbọ̀n náà wìì kí síǹkì tó pọ̀ jù lè fò kúrò lójú ìlà bóòtù.

Èèyàn tó dúró ti táǹkì ni mo ń rò jù bí mo ṣe ń kọ èyí. Ní 1992, àjọ ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lágbàáyé, IARC, fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé èéfín ásíìdì líle tó ní súlfúríìkì nínú ń fa jẹjẹrẹ, ọ̀nà ọ̀fun ló sì dojú kọ jù. Tipẹ́tipẹ́ làwọn dókítà ti mọ̀ pé eyín àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ń jẹ tán láti iwájú. Háídrófúlóríìkì burú ju gbogbo wọn lọ: ó lè kan ara kí ó má tètè dunni, kí ó sì wọlé lọ bá egungun. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá ní oògùn rẹ̀, jẹ́ẹ̀lì kalsiọ̀mù glukonéètì, nítòsí, kò yẹ kó ní ásíìdì yẹn lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Agbọ̀n tó dára ń mú kí òṣìṣẹ́ jìnnà sí gbogbo èyí. Ó ń jẹ́ kí ó dúró níbi tí kéréènì ti ń ṣiṣẹ́ dípò kí ó tẹ̀ sórí táǹkì. Agbọ̀n tí kò dára ń fà á padà sẹ́nu táǹkì láti fi ọ̀pá tú ohun tó há.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ronú láti dá irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní Ọ̀ta, ní Ìkẹjà tàbí ní Ìbàdàn fetí sí mi. Ẹ má ra ásíìdì kẹ́ ẹ tó mọ irú agbọ̀n tí ẹ máa lò. Ẹ kọ́kọ́ wo irú irin tó máa wọlé àti bó ṣe wúwo tó, kẹ́ ẹ wo irú ásíìdì tó bá a mu, ìgbà náà ni kẹ́ ẹ yan ohun tí agbọ̀n máa jẹ́. Ẹ kọ ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé sí ara rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá. Ẹ máa yẹ ojú ibi tí wẹ́dà jó pọ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ásíìdì ń kọ́kọ́ jẹ, kẹ́ ẹ sì ju agbọ̀n tó bá ti fẹ́lẹ́ nù kí ó tó já lórí ẹnì kan.